Ẹ̀ṣẹ̀ Tí Mónìkà Fi Rán Mi

Wọ́n gbé àpótí ìjẹ́wọ́ àtijọ́ jáde nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Káfíńtà mẹ́rin ló dì í mú ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, oníkálukú wọn ń pariwo pé kí èkejì rọra. Èmi jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà, mò ń fi ọwọ́ pa orúnkún mi. Bí wọ́n ṣe gbé e kọjá níwájú mi ni òórùn rẹ̀ bò mí: igi tó ti gbó, póláìṣì tí wọ́n ti fi pa á láìmọye ìgbà, àti òógùn àwọn èèyàn tó ti kúnlẹ̀ síbẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé. Ó ti rẹ̀ mí kí n tó kúrò nílé. Ní ọjọ́ orí tí mo dé yìí, dídìde lórí ibùsùn láàárọ̀ gan-an iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n òórùn yẹn gbé àárẹ̀ mìíràn wá, èyí tó ti wà lára mi kí orúnkún mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, mo sì jókòó síbẹ̀ pẹ́ títí láìlè dìde.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ ohun tí mò ń sọ. Lóde òní, inú yàrá tó mọ́lẹ̀ kedere lẹ ti ń jẹ́wọ́. Ẹ óò jókòó sórí àga oníke, ẹ óò kojú Fada, ẹ óò sì máa ṣàlàyé ara yín bí ẹni tó lọ rí dókítà. Nígbà ààwẹ̀ Lẹ́ńtì tó kọjá, mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan lórí ìlà, ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yábàá, tó kọ ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ sínú fóònù. Ó ń fi àtàǹpàkò tì í sókè, ó ń tì í sókè, kò sì tán. Mi ò bá a wí. Òun kúkú mọ ibi tó kó tirẹ̀ sí. Láyé tiwa, àpótí ni, ó ga, ó ṣókùnkùn, ó ní ilẹ̀kùn mẹ́ta. Fada a jókòó sí àárín, ẹlẹ́ṣẹ̀ kan a kúnlẹ̀ sí ọ̀tún, òmíràn a kúnlẹ̀ sí òsì. Fèrèsé kékeré kan ló wà láàárín ìwọ àti Fada, wọ́n fi irin wẹ́wẹ́ dí i, débi pé etí rẹ̀ nìkan lo máa rí. Bó bá ti fa ìdérí fèrèsé náà tó ké kẹ̀ẹ̀ báyìí, gbogbo ohun tó o ti há sórí láti oṣù mẹ́ta á fò lọ.

Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó là ń gbé nígbà náà, nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá, márùn-ún kojú márùn-ún, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gùn láàárín wọn dé ẹ̀yìnkùlé níbi tí ẹ̀rọ omi wà. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù ńlá tó wà ní Ìdí-Àràbà. Òun ló ń ti àwọn aláìsàn lórí kẹ̀kẹ́ láti wọ́ọ̀dù kan sí òmíràn, ó sì máa ń wọlé nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú òórùn oògùn lára aṣọ. Ìyá mi ń ta òwú, bọ́tìnnì àti síìpù ní Tejúoṣó. Nínú gbogbo ilé yẹn, ìdílé méjì péré ló jẹ́ Àgùdà: àwa, àti Mónìkà pẹ̀lú bàbá rẹ̀ nínú yàrá tó kojú tiwa. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀, ó ń rán bàtà, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ìyá Mónìkà sì ti kú kí wọ́n tó kó dé ilé wa. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni èmi àti Mónìkà. Ó fi ìwọ̀nba díẹ̀ ga jù mí lọ, kò sì jẹ́ kí n gbàgbé. A jọ ń pọn omi, a jọ ń lọ sílé ìwé, bí wọ́n bá sì fẹ́ na ọ̀kan, wọ́n á na èkejì mọ́ ọn kí ẹjọ́ má baà gùn. Àwọn ará ilé máa ń pe orúkọ wa pa pọ̀ bíi pé orúkọ ẹnìkan ni.

Ọdún yẹn ló kàn wá láti jẹ́wọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, ká sì gba Ara Olúwa lọ́jọ́ kejì rẹ̀. Bàbá Katikísì ló ń kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ igi fúrúùtù tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú àti nírọ̀lẹ́ Ẹtì. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ohùn rẹ̀ sì tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Ó ti rí i láti ọdún púpọ̀ sẹ́yìn pé àwọn ọmọdé máa ń gbàgbé ẹ̀ṣẹ̀ wọn tí wọ́n bá ti wọnú àpótí, wọ́n á wá dákẹ́ tàbí kí wọ́n bú sẹ́kún, ló bá dá ọgbọ́n tirẹ̀. Ó ní kí kálukú mú òwú funfun tó gùn tó apá rẹ̀ wá. Bí ó bá ka òfin kan, tó o sì rántí pé o ti rú u, wàá ta kókó kan sára òwú náà. Tó o bá dénú àpótí, wàá máa fi ìka tọ kókó wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú òkùnkùn, wàá máa sọ ọ́. Bó o bá parí, o máa sọ òwú náà sínú iná ìdáná tó wà lẹ́yìn ilé Fada, ó tán nìyẹn.

Èmi ni mo mú òwú wá fún gbogbo kíláàsì, odidi róòlù kan láti inú ọjà ìyá mi. Bàbá Katikísì yìn mí, ó gbàdúrà fún mi, lẹ́yìn náà ló wá bi mí bóyá mo tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá mi. Mo wolẹ̀. Bí mo ṣe rí kókó mi àkọ́kọ́ nìyẹn.

Àwọn yòókù kò pọ̀. Mo ti yọ ẹran nínú ọbẹ̀ kí oúnjẹ tó délẹ̀. Mo ti sọ fún obìnrin kan tó wá béèrè ìyá mi pé kò sí nílé nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló wà, ṣùgbọ́n ìyá mi gan-an ló ní kí n sọ bẹ́ẹ̀, n ò sì mọ ẹni tó ni kókó yẹn nínú àwa méjèèjì. Mo ti sùn nígbà Máàsì. Ọmọkùnrin kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń sunkún pé òun ti ba ọjọ́ Ìsinmi jẹ́ torí pé gbogbo Sọ́ńdè ni wọ́n ń ní kí òun fọ abọ́. Mónìkà ní tirẹ̀ ti ta kókó títí òwú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrú bí ìka, ó ń gbé e káàkiri, ó ń fi yangàn. Ojú ń tì mí pé tèmi kéré. Mo ta kókó méjì sí i láìmọ ohun tí wọ́n wà fún, kí n lè ní nǹkan lọ́wọ́ bí mo bá rántí òmíràn lójú ọ̀nà.

Aṣọ funfun ni gbogbo ọmọbìnrin máa wọ̀ lọ́jọ́ náà, ìbọ̀sẹ̀ funfun, bàtà funfun, pẹ̀lú ìbòrí funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èyí tí ìyàwó ń dé lọ síbi ìgbéyàwó. Ìyá mi ra tèmi ní Tejúoṣó, lọ́wọ́ obìnrin tí ìsọ̀ wọn jọ kángun síra. Aṣọ Mónìkà jẹ́ èyí tí wọ́n yá lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ní Múṣín. Bàbá rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán bàtà fún un, kò sì sí bàtà ọmọ ẹnìkan nínú kíláàsì wa tó rẹwà tó tirẹ̀. Ìbòrí ni kò sí. Bàbá rẹ̀ ní kó fi síkáàfù funfun wé orí, pé orí kọ́ ni Ọlọ́run máa wò. Mónìkà ní, "Ẹ ṣé, sà," kò sì sọ nǹkan kan mọ́. Ó yẹ kí n ti fura, torí pé Mónìkà kì í dákẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ Túsìdeè ọ̀sẹ̀ yẹn, Ìyá Onílé, ìyẹn màmá arúgbó tó ni ilé tí à ń gbé, fọ kọ́tìnnì léèsì rẹ̀ méjì, funfun báláú, tó lódòdó, èyí tó jẹ́ pé ìgbà ọdún nìkan ló ń kọ́ ọ. Ó sá wọn sórí okùn lẹ́yìnkùlé. Nígbà tó máa padà dé láti kó wọn, ẹyọ kan ló kù. Ariwo tó pa lọ́jọ́ náà, mo rò pé wọ́n gbọ́ ọ títí dé Ojúẹlẹ́gba. Ẹni tí gbogbo ojú sì yí sí ni Ìyàwó. Ìyàwó là ń pe aya dẹ́rẹ́bà kan tó ń gbé yàrá ìparí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ọ̀yọ́ dé ni, oyún rẹ̀ ti tó oṣù mẹ́fà, kò tíì lọ́rẹ̀ẹ́ kankan nínú ilé, òun nìkan ló sì tún sá aṣọ sórí okùn yẹn lọ́jọ́ náà. Wọ́n tú yàrá rẹ̀, wọn ò rí nǹkan kan. Ìyá Onílé ní ìyẹn gan-an ló fi hàn pé ó ti tà á. "Tí mi ò bá ti rí kọ́tìnnì mi kó tó di Mọ́ńdè," ó ń na ìka sí dẹ́rẹ́bà, "ìwọ àti ìyàwó ẹ, ẹ kẹ́rù yín jáde nílé mi." Ìyàwó kàn ń tún un sọ pé òun kọ́, òun kọ́, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú.

Lọ́jọ́ Ẹtì, tí a ti ẹ̀kọ́ dé, Mónìkà fà mí wọ yàrá wọn. Ó ní kí n kọ́kọ́ búra. Mo fi ìka kan ahọ́n, mo fi kan ilẹ̀, mo nà án sókè ọ̀run. Lẹ́yìn náà ló gbé ẹní sókè. Kọ́tìnnì náà wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ti gé e sí méjì, ó ti fi abẹ́rẹ́ bàbá rẹ̀ rán etí ìdajì kan, ó sì gbé e lé orí kí n lè wò ó. Ó yẹ ẹ́, mi ò ní purọ́. Ó dúró síbẹ̀ lábẹ́ òdòdó léèsì wọ̀nyẹn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì dàbí ẹni tí kò tíì ṣẹ̀ rí.

"Bá mi jẹ́wọ́ ẹ̀," ló sọ.

Mo ní kí ló dé tí kò fi ní jẹ́wọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní bàbá òun ló ń bá Fada tún sáńdàlì rẹ̀ ṣe, òun sì ni òun máa ń gbé e lọ fún un, Fada mọ ohùn òun dáadáa. "Bó o bá bá mi sọ ọ́, Ọlọ́run á mọ̀ pé èmi ni mo rán ẹ."

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nínú ilé bíi tiwa, kò sí ohun tí wọn kì í fi rán ọmọdé. Wọ́n ń rán wa ní iyọ̀, wọ́n ń rán wa ní ìkíni, wọ́n tilẹ̀ ń rán wa láti lọ tọrọ àforíjì. Ìyá mi á bá aládùúgbò jà láàárọ̀, tó bá di ìrọ̀lẹ́ á ní, "Lọ bá mi kí wọn, sọ pé kí wọ́n má bínú," màá lọ kúnlẹ̀, màá jẹ́ iṣẹ́ náà, ẹni yẹn á sì ní òun ti gbọ́, ìjà parí. Ta ló wá sọ pé wọn ò lè fi ẹ̀ṣẹ̀ ránni? Lójú mi, ọ̀rọ̀ Mónìkà tọ̀nà gan-an. Mo sì ní kókó méjì tó ṣófo. Ó tún fi eyín fa ọ̀kan nínú wọn kó lè le dáadáa, ó ní, "Tèmi rèé o, má gbàgbé."

Láàárọ̀ Sátidé, a tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, àwa ọmọ bí ogójì, òwú oníkókó lọ́wọ́ kálukú. Nígbà tó kàn mí, mo wọlé, mo kúnlẹ̀ nínú òkùnkùn, òórùn póláìṣì gba gbogbo imú mi. Mo ń gbọ́ bí ẹnìkan ṣe ń kùn lódìkejì, mo sì fi ìka dí etí bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Fèrèsé ké kẹ̀ẹ̀. Òyìnbó ni Fada wa, ó ti pẹ́ nílẹ̀ yìí, ó sì ń sọ Yorùbá díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń to ẹyin sínú apẹ̀rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀. Òwú. Ẹran. Irọ́ tí ìyá mi ni kókó rẹ̀. Oorun. Ó ń sọ pé "ẹ̀n-hẹ́n" sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo dé orí kókó tí Mónìkà fi eyín fà. Mo ní, "Mo jí kọ́tìnnì Ìyá Onílé wa."

Kò sọ pé ẹ̀n-hẹ́n mọ́. Ó béèrè ibi tí kọ́tìnnì náà wà. Mo ní ó wà nílé. Ó béèrè bóyá ẹlòmíràn ti jìyà rẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ Ìyàwó fún un, ti oyún rẹ̀, ti Mọ́ńdè. Fada mí kanlẹ̀, mo sì rí i tí etí rẹ̀ kúrò lójú fèrèsé díẹ̀ tó tún padà wá. "Ọmọ mi," ló ní, "lónìí ni kí o dá a padà. Lónìí ni kí obìnrin náà bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn yìí. Bí o kò bá ṣe é, má wá gba Olúwa lọ́la. Ṣé o gbọ́?" Mo ní mo gbọ́. Iṣẹ́ ni wọ́n kàn rán mi, mi ò mọ̀ pé èsì máa wà.

Mónìkà ti jẹ́wọ́ tirẹ̀ kó tó kàn mí. Ó ń dúró dè mí lábẹ́ igi fúrúùtù, ó ń fò lórí ẹsẹ̀ kan.

"Ṣé o sọ ọ́?"

"Mo sọ ọ́."

Ó dì mọ́ mi. Ó ní ara òun ti fúyẹ́, pé òun gan-an mọ̀ ọ́n lára ìgbà tí mo dé orí kókó yẹn. Ìgbà náà ni mo jẹ́ èsì tí Fada fi rán mi. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀, ó ronú díẹ̀, ó wá fún mi lésì tí mi ò tíì rí ẹni tó lè já a di òní olónìí. "Ìwọ ni Fada bá wí, kì í ṣe èmi. Èmi ti gba ìdáríjì tèmi." Mo ní ta ló fẹ́ gbé kọ́tìnnì jáde. Ó ní, "Tí mo bá gbé e jáde, kí ni mo fẹ́ dé lọ́la?" Ó ṣáájú mi rìn délé, àkọ́kọ́ irú rẹ̀.

Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ọ̀sán, mo lọ bá Ìyá Onílé lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí. Ohun tí mo pinnu ni pé màá sọ pé èmi ni. Mo ti rò ó débi tí ó ń dùn mọ́ mi, pé èmi ni màá gbé e rù, wọ́n á nà mí, Mónìkà á dé ìbòrí rẹ̀, Ìyàwó á sinmi, gbogbo wa á gba Olúwa. Lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìparí, Ìyàwó ti ń ká aṣọ sínú àpótí, ó ń ká wọn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n tán. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo mọ ẹni tó mú kọ́tìnnì." Ìyá Onílé gbé àwo ẹ̀gúsí sílẹ̀, ó pariwo pe ìyá mi. Ìyá mi jáde wá pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́, aṣọ funfun mi ló ń lọ̀ lọ́wọ́. Ó wò mí lórí ìkúnlẹ̀ mi. Ó ní, "Ìwọ?"

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ló ṣe mí báyìí. Mo ti la ẹnu fún "èmi ni," ohun tó jáde ni, "Mónìkà ni."

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé kì í ṣe nítorí Ìyàwó ni mo ṣe sọ ọ́. Mi ò tilẹ̀ rántí Ìyàwó nígbà yẹn. Mo wo ojú ìyá mi, mo rántí aṣọ funfun mi, ẹ̀rù sì bà mí, ó tán.

Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n dà lọ sí yàrá Mónìkà. Wọ́n gbé ẹní, wọ́n rí i, ìdajì tí wọ́n ti rán àti ìdajì tí wọn ò tíì rán. Ìyá Onílé fi ọwọ́ lé orí. Bàbá Mónìkà dé láti ọjà bá èrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n na ìbòrí náà sí i lójú. Mo rò pé á nà án. Kò nà án. Ó jókòó sórí àpótí bàtà rẹ̀, ó ń wo léèsì yẹn, ó ń fi àtàǹpàkò tọ ibi tí ọmọ rẹ̀ ti rán etí rẹ̀, ó wá ní, "O ò sọ fún mi pé ó dùn ẹ́ tó yìí." Mónìkà kò sunkún. Ó fi ojú wá mi láàárín èrò títí ó fi rí mi.

"Fada ni mo ní kó o sọ fún," ló sọ.

Kò tún bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láyé yìí.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mo gba Ara Olúwa. Ó lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu mi, mi ò sì lè gbé e mì bọ̀rọ̀. Àyè Mónìkà ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí bẹ́ǹṣì. Bàbá Katikísì dìde lẹ́yìn Máàsì, ó sọ fún gbogbo ìjọ bí ọmọ ọdún mẹ́wàá kan ṣe fi òótọ́ gba aláìṣẹ̀ sílẹ̀, ó ní èso ìjẹ́wọ́ rere nìyẹn. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá mi tún gèlè rẹ̀ ṣe. Fada jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́bàá pẹpẹ, ó ń wò mí. Ó mọ̀ nísinsìnyí pé ọmọ tó jẹ́wọ́ fún òun kọ́ ló mú kọ́tìnnì, ṣùgbọ́n ohun tí Fada bá gbọ́ nínú àpótí kò gbọdọ̀ jáde, kò lè sọ ọ́ fún ẹnì kankan, títí kan èmi. Nígbà tá a délé, Ìyàwó ti se mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin fún mi, ó ń pè mí ní ìyá òun, ó ń gbàdúrà fún mi kíkankíkan. Mo jẹ ẹ́. Ọmọdé ni mí, ó sì dùn.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bàbá Mónìkà mú un lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ kó lọ. Nígbà tí mo dàgbà, tí mo gba ìsọ̀ ìyá mi, mi ò rí ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan kó wá ra òwú kí n má béèrè. Wọ́n á ní Mónìkà wo, ti ilé ta ni, mi ò sì mọ̀ ju bàbá tó ń rán bàtà lọ. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, mo dáwọ́ ìbéèrè dúró.

Irọ́ tí mo pa fún Fada nínú àpótí, mo jẹ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì, wọ́n ní kí n ka "Mo kí ọ Màríà" lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, mo kà á, ó kúrò lọ́rùn mi. Èyí tó kù ni mi ò mọ ibi tí mo lè fi sí. Gbogbo Lẹ́ńtì ni mo máa ń ka òfin mẹ́wẹ̀ẹ̀wá láti òkè délẹ̀, tí mò ń wá èyí tó máa gbà á. Mi ò jí nǹkan. Mi ò pa ẹnikẹ́ni. Mi ò jẹ́rìí èké, ẹ̀rí òtítọ́ ni mo jẹ́. Mo ti sin ọkọ, mo ti sin ìyá àti bàbá, mo ti sin ọmọ kan, oníkálukú wọn ló ní ibi tí mo lè lọ bá a kí n sunkún. Mónìkà nìkan ni mi ò rí ibì kankan fún.

Ilé wa ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ti di ilé alájà mẹ́ta, ilé ìtajà ló kún ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ti gé igi fúrúùtù, ibi ìgbọ́kọ̀sí ló wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ ò ta kókó mọ́, wọ́n ń fún wọn níwèé pélébé tí wọ́n ti tẹ ẹ̀ṣẹ̀ sí, kí wọ́n kàn máa màákì èyí tó jẹ́ tiwọn. Síbẹ̀, bí mo ṣe jókòó lórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ Sátidé yẹn, tí àwọn káfíńtà ti gbé ẹrù wọn lọ, mo ń wo àwọn ọmọ tó tò sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìjẹ́wọ́ tuntun. Wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu ara aṣọ gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń ṣe, méjì nínú wọn sì ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sétí ara wọn. Ó wù mí kí n pè wọ́n kí n bá wọn sọ nǹkan kan. Mi ò mọ ohun tí màá sọ.

Nígbà tí wọ́n tán, èmi náà wọlé. Fada tó wà níbẹ̀ kéré sí àbíkẹ́yìn mi, fáànù ń fẹ́ ìwé tó wà lórí itan rẹ̀. Mo jẹ́wọ́ àwọn tó mọ́ mi lára: ìbínú mi sí ìyàwó ọmọ mi, oorun tí mò ń sùn láàárín Rosárì. Lẹ́yìn náà ni mo sọ ọ̀rọ̀ Mónìkà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó fara balẹ̀ gbọ́ ọ, mo gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀.

"Mama, ṣé irọ́ lẹ pa mọ́ ọn ni?"

"Rárá, Fada. Òun ló mú un."

"Ìyàwó yẹn ńkọ́, ṣé wọ́n padà lé e?"

"Wọn ò lé e mọ́. Ilé wa ló bímọ sí."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fi ọwọ́ kan ọwọ́ mi. "Ẹ má wòrí mọ́, Mama. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rárá. Ẹ ṣe dáadáa."

Ohun tí wọ́n ti ń sọ fún mi látọjọ́ Sọ́ńdè yẹn nìyẹn. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó dárí ìyàwó ọmọ mi jì mí, ó dárí oorun Rosárì jì mí. Mo ní àmín. Mo dúró díẹ̀ bóyá ó ṣì ku ohun tó máa sọ. Kò kù. Ohun tí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kò sí ohun tí Fada lè fi ṣe. Mo di apá àga mú, mo rọra dìde, mo gbé Mónìkà, mo sì gbé e padà sílé.